Ọwọ́ Ọ̀tún Bàbá Wọlé-wọlé

N kò ní tìtorí pé wọ́n ti kú kí n wá máa purọ́: bàbá àgbà mi kì í ṣe ẹni tí gbogbo ayé fẹ́ràn. Ọ̀pọ̀ ìyàwó ilé ní Ìkìrun, Ìnísà àti Òkukù ló ti ṣépè fún wọn rí nínú ikùn, nítorí iṣẹ́ wọlé-wọlé ni wọ́n ṣe títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Wọ́n ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, wọ́n ń yẹ ibi ìdáná, àmù omi àti ilé ìgbẹ́ wò. Bí wọ́n bá ti yọ ní ìkòríta, àwọn ọmọdé á ti sáré lọ kéde nílé. Ẹni tí tanwíjí wà nínú àmù rẹ̀ á da omi nù, ẹni tí kò tíì kó ìdọ̀tí á gbá a sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Bàbá mọ gbogbo ọgbọ́n yẹn. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ wò.

Oṣù tó kọjá la sin wọ́n sí Ìnísà. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ọdún tí wọ́n bí wọn àti ilé ìwé tí wọ́n lọ, kí ó wo ìwé ètò ìsìnkú, ó wà níbẹ̀ tòun ti àwòrán. Èmi kò lè sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà. Wọ́n pè mí nítorí pé èmi ni mo kọ́ nípa àìsàn tó pa wọ́n. Mo dìde, mo wo pósí, mo sì tún jókòó. Ohun tí n kò lè sọ nígbà náà ni mo fẹ́ sọ báyìí, bó bá ṣe ń wá sí mi lọ́kàn.

Ọmọbìnrin wọn kejì ló bí mi. Ọ̀dọ̀ wọn ni mo gbé dàgbà ní Ìnísà, nítorí ìyá mi ń ṣiṣẹ́ olùkọ́ ní Òṣogbo. Àbẹ̀kẹ́ ni wọ́n ń pè mí. Lónìí, iṣẹ́ ìwádìí ni mò ń ṣe ní yunifásítì kan. À ń wá ohun tó ń bàjẹ́ nínú ọpọlọ àwọn tí àrùn Pákínsìn ń ṣe, àrùn tó ń mú ọwọ́ gbọ̀n, tó ń mú ẹsẹ̀ wúwo, tó sì ń gba ẹ̀rín lójú èèyàn. Nítorí Bàbá ni mo ṣe yan iṣẹ́ náà. Ohun tí Bàbá sì fẹ́ lọ́wọ́ mi kò pọ̀. Wọ́n fẹ́ kí n bá wọn sọ fún àbúrò wọn kan ṣoṣo, tí a ń pè ní Bàbá Òkukù, pé àìsàn ló mú ọwọ́ àwọn, kì í ṣe Bíbélì. Ọ̀rọ̀ Bíbélì yìí, mo ń bọ̀ lórí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tó wọ́pọ̀ jù lẹ́nu Bàbá ni "Fi hàn mí." Bí o bá ní o ti fọ abọ́, wọ́n á ní kí o fi hàn àwọn. Bí o bá ní ìwọ lo gba ipò kìíní, wọ́n á na ọwọ́ fún ìwé èsì. Nígbà kan tí mo ní orí ń fọ́ mi tí n kò sì fẹ́ lọ sí ilé ìwé, wọ́n ní kí n fi orí fífọ́ náà han àwọn. Mo wá a títí, n kò rí i. Mo sunkún, mo gbé báàgì mi, mo lọ.

Nígbà tí àbúrò ìyá mi obìnrin fẹ́ lọ sílé ọkọ, a lọ kí àwọn àna ní Ìkìrun. Àwọn èèyàn náà ti tún pálọ̀ ṣe, wọ́n ti gbé mínírà sílẹ̀, ìkíni sì ti ń lọ sókè sódò. Bàbá dìde láàrin rẹ̀, wọ́n ní kí ẹnì kan fi ilé ìdáná han àwọn. Wọ́n ṣí ìdérí dúrọ́ọ̀mù omi, wọ́n tan tọ́ọ̀ṣì sínú rẹ̀, wọ́n wò ó títí. Ìyá ọkọ dúró lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tí wọ́n gbá létí. Màmá, ìyẹn ìyá àgbà mi, kò lè gbójú sókè títí a fi kúrò níbẹ̀. Nínú mọ́tò ni wọ́n ti wá sọ fún Bàbá pé Bàbá ti dójú ti gbogbo ẹbí. Bàbá ń wo ojú fèrèsé. Wọ́n ní, "Omi tí ọmọ mi máa mu ni mo lọ wò."

Imú wọn ló kọ́kọ́ lọ, ẹnì kankan kò sì mọ̀. Wọlé-wọlé tí kò ní imú kò níṣẹ́. Nígbà tí ara wọn le, Bàbá lè dúró lójú títì kí wọ́n tọ́ka sí ilé tí ṣáláńgá rẹ̀ ti kún. Lẹ́yìn tí wọ́n fẹ̀yìn tì, ìjà bẹ̀rẹ̀ nínú ilé lórí irú. Bàbá ní Màmá kì í fi irú sọ́bẹ̀ mọ́. Màmá ní àwọn ń fi sí i. Lọ́jọ́ kan Màmá dìídì da irú sínú ìkòkò débi pé aládùúgbò wa pariwo láti ìta, ó ń béèrè ohun tí a ń sè. Bàbá tọ́ ọbẹ̀ náà wò, wọ́n ti abọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n ní bí ó bá ti sú Màmá láti máa se oúnjẹ fún àwọn, kí Màmá là á mọ́lẹ̀. Màmá kì í ṣe ẹni tó ń tètè sunkún. Wọ́n sunkún lọ́jọ́ náà.

Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn rẹ̀, ní yunifásítì, mo kà á pé àrùn yìí lè gba òórùn lọ́wọ́ èèyàn tipẹ́tipẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Mo pa ìwé náà dé. Ọbẹ̀ yẹn ni mo rí. Mo pe Màmá lórí fóònù, mo sọ fún wọn pé kì í ṣe pé Bàbá kórìíra oúnjẹ wọn, pé imú Bàbá ló ti kú. Màmá ní kí n tún un sọ. Wọ́n wá ní, "Àṣé àìsàn ni mò ń bá jà, tí mo rò pé ọkọ mi ni."

Ọ̀rọ̀ Bíbélì nìyí wàyí. Oko bàbá wọn ní Òkukù bá oko ọkùnrin mùsùlùmí kan pààlà. Pèrègún ni wọ́n fi ṣe ààlà náà. Lọ́dọ̀ wa, a kì í gbin pèrègún ààlà láìsí ẹni tòdìkejì níbẹ̀, ẹni bá sì fà á tu ti bá ìran méjì jà. Ọjọ́ tí wọ́n gbìn ín, Bàbá ṣì kéré. Bàbá wọn mú wọn dání lọ síbẹ̀, ó ní kí wọ́n fi ẹsẹ̀ tẹ yẹ̀pẹ̀ ìdí rẹ̀, kí wọ́n lè rántí. Wọn kò tíì bí Bàbá Òkukù nígbà náà.

Nígbà tó yá, àwọn bàbá méjèèjì kú. Ọmọ ọkùnrin mùsùlùmí yẹn náà kú, ó wá ku ìyàwó rẹ̀, Ìyá Ràfíátù, nínú oko. Bàbá Òkukù, tó ń dá oko ẹbí tiwa, sọ pé pèrègún ti gbẹ, pé etí odò ni ààlà wà, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ẹyìn orí ọ̀pẹ obìnrin náà. Ìyá Ràfíátù gbé wọn lọ sí kóòtù ní Ìkìrun. Bàbá Òkukù kò jẹ́rìí fúnra wọn, ẹ̀gbọ́n wọn ni wọ́n pè ní ẹlẹ́rìí. Wọn kò tilẹ̀ béèrè ohun tí Bàbá máa sọ. Ọmọ ìyá ni wọ́n, ẹ̀gbọ́n ló sì ń bo àbúrò láṣìírí. Ta ló máa ń béèrè irú ìyẹn?

Bàbá gbé Bíbélì sókè ní ọwọ́ ọ̀tún, wọ́n búra, wọ́n sì sọ ibi tí pèrègún wà. Wọ́n dárúkọ àwọn tó dúró níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Wọ́n ní bí kóòtù bá fẹ́, kí wọ́n jẹ́ kí àwọn gbẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀, gbòǹgbò rẹ̀ á ṣì wà. Kóòtù tẹ̀lé wọn débẹ̀, wọ́n gbẹ́ ilẹ̀, wọ́n bá gbòǹgbò kan. Bàbá Òkukù ní gbòǹgbò igi mìíràn ni. Wọ́n dá Ìyá Ràfíátù láre. Lọ́jọ́ ìdájọ́, Bàbá Òkukù dúró níwájú ẹ̀gbọ́n wọn níta kóòtù, wọ́n ní, "Ọwọ́ tí ẹ fi gbé Bíbélì yẹn, Ọlọ́run á bá mi wò ó." Bàbá ní kí wọ́n jẹ́ kí àwọn jọ lọ jẹun. Àbúrò wọn ti kọjá lọ.

Màmá bi wọ́n nílé pé kí ló dé tí wọn kò kúkú sọ pé àwọn ti gbàgbé, ó ṣe tán ọjọ́ ti pẹ́. Mo wà níbẹ̀, mò ń ṣa ẹ̀wà. Bàbá ní, "Nítorí irú ọjọ́ yìí ni bàbá mi ṣe mú mi lọ síbẹ̀."

Ó tó ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà kí àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún wọn tó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lórí ìka kejì, bí ẹni tó ń yí hóró ẹ̀wà. Bàbá ki ọwọ́ náà bọ àpò. Nígbà tí àpò kò ṣeé fi tan ara wọn jẹ mọ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ òsì gba nǹkan. Ẹ mọ ohun tí ìyẹn jẹ́ lọ́dọ̀ wa. Wọ́n fi ọwọ́ òsì gba obì lọ́wọ́ ẹgbẹ́ wọn níbi ìsọmọlórúkọ kan, ọkùnrin náà kò sì kí wọn mọ́ títí ó fi kú. Àwọn èèyàn ní ìfẹ̀yìntì ti sọ Bàbá di onígbèéraga. Bàbá kò ṣàlàyé fún ẹnì kankan. Ó tẹ́ wọn lọ́rùn kí aráyé pè wọ́n ní onígbèéraga ju kí wọ́n rí ọwọ́ náà lọ, nítorí wọ́n mọ ohun tí àwọn èèyàn máa sọ.

Wọ́n sì sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ náà tàn láti Òkukù dé Ìkìrun pé ọwọ́ tó gbé Bíbélì ni Ọlọ́run ń mì. Àwọn tó ti da omi àmù nù rí nítorí wọlé-wọlé rántí ìbínú wọn. Inú mi ṣì ń ru sí wọn títí di òní, n kò sì ní dọ́gbọ́n sí i.

Ìyá mi kò lè fara dà á. Wọ́n mú Bàbá lọ sí ilé àdúrà kan ní ọ̀nà Ìkìrun, èmi náà sì bá wọn lọ. Wòlíì ibẹ̀ kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó gbàdúrà títí òógùn fi bò ó, ó gbé ọwọ́ Bàbá sọ́wọ́ ara rẹ̀ bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Lẹ́yìn náà ló wá sọ pé òun rí ìbúra kan. Ó ní kí Bàbá kúnlẹ̀, kí wọ́n sọ pé ìbúra èké ni àwọn ṣe lọ́jọ́ náà, ọwọ́ á sì dúró. Ìyá mi ló kọ́kọ́ kúnlẹ̀. Wọ́n ń bẹ Bàbá pé kí wọ́n ṣáà fi ẹnu sọ ọ́, Ọlọ́run mọ ọkàn. Bàbá wo ọmọ wọn lórí ilẹ̀, ọwọ́ náà ń ṣe tirẹ̀ lọ. Wọ́n ní, "Bí yóò bá gbọ̀n wọ sàréè, kó máa gbọ̀n. Mi ò ní tọrọ àforíjì nítorí òótọ́."

Ìgbà tí mo gboyè, Bàbá wọ aṣọ òfì, wọ́n wá. Nínú gbogbo fọ́tò tí a yà lọ́jọ́ náà, ojú wọn dì bíi ti ẹni tí wọ́n fi tipá mú wá. Ó dùn mí. Mo fi fọ́tò náà pamọ́, n kò fi kọ́ ògiri. Nígbà tí wọ́n béèrè rẹ̀, mo sọ fún wọn pé inú wọn kò jọ pé ó dùn sí mi. Bàbá gbọ́ ọ, wọ́n ronú sí i. Ohùn wọn ti ń kéré nígbà náà, mo ní láti sún mọ́ wọn kí n tó gbọ́. Wọ́n ní, "Mo rẹ́rìn-ín, Àbẹ̀kẹ́. Ojú ni kò gbọ́."

Ọ̀rọ̀ ẹnu ọ̀nà ló ń pa mí lẹ́kún jù. Ẹsẹ̀ wọn a máa rìn dáadáa ní gbangba, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti dé ẹnu ọ̀nà, á lẹ̀ mọ́lẹ̀. Bàbá tó fi gbogbo ayé wọn wọ ilé onílé, wọ́n á dúró síwájú yàrá ara wọn, wọn kò lè wọlé. Mo sọ fún Màmá pé bí ìlà bá wà nílẹ̀ tí wọ́n lè gbé ẹsẹ̀ kọjá, ọpọlọ á rí nǹkan dì mú. Màmá lọ mú ṣọ́ọ̀kì, wọ́n fa ìlà funfun sí gbogbo ẹnu ọ̀nà ilé, wọ́n sì ń tún un fà ní àràárọ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá gbálẹ̀ tán. Àwọn àlejò rò pé ètùtù ni. Màmá a máa sọ fún wọn pé, "Afárá ọkọ mi ni."

Dókítà kan ní Òṣogbo ló sọ orúkọ àìsàn náà fún wa, ó sì kọ oògùn. Bí oògùn náà bá wọlé sí wọn lára, a máa ń rí Bàbá tiwa gan-an fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n á dìde, wọ́n á lọ ṣí ìdérí dúrọ́ọ̀mù. Bí ó bá sì tán, wọ́n á tún padà sínú ara líle náà.

Nínú ọ̀kan nínú àwọn wákàtí dáadáa yẹn ni mo jókòó tì wọ́n ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, tí mo ṣàlàyé iṣẹ́ mi fún wọn. Mo ní purotéènì kan wà nínú ọpọlọ gbogbo wa, ó ní bó ṣe yẹ kí ó ká kí ó tó lè ṣiṣẹ́ rẹ̀. Lára àwọn kan, ó máa ń ká sódì, á wá máa lẹ̀ mọ́ra wọn bí ògì tó ṣù nínú ìkòkò. Mo ní sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ní ibi tó ti ń kó ìdọ̀tí rẹ̀ dànù. Bí ibẹ̀ bá dẹnu kọlẹ̀, àwọn tó ṣù yẹn á máa pọ̀ sí i títí sẹ́ẹ̀lì á fi kú. Àwọn tó sì ń kú jù ni àwọn tó ń ṣe dopamíìnì, tí ọpọlọ fi ń ránṣẹ́ kí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ tó lè jẹ́ ẹ. Èjìká Bàbá mì. Mo ti mọ̀ nígbà náà pé èjìká ni wọ́n fi ń rẹ́rìn-ín.

Wọ́n ní ṣé wọlé-wọlé wà nínú orí àwọn náà ni. Mo ní ó wà. Wọ́n ní kí ló wá dé tí kò ṣiṣẹ́. Mo sọ fún wọn pé ohun tí à ń wá nìyẹn, èmi àti àwọn mìíràn káàkiri ayé, pé a ti mọ ọ̀pọ̀ nǹkan nípa bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ ṣùgbọ́n a kò tíì mọ ohun tó ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lára ọ̀pọ̀ èèyàn. Wọ́n na ọwọ́ òsì, wọ́n ní kí n fi hàn àwọn. Mo ṣí fóònù mi, mo fi àwòrán kan tí mo yà ní ibi iṣẹ́ hàn wọ́n, sẹ́ẹ̀lì kan tí ohun tó ṣù náà dúdú láàrin rẹ̀. Bàbá gbé e sún mọ́ ojú. Wọ́n wò ó bí wọ́n ṣe máa ń wo inú àmù, wọ́n sì ní, "Ohun kékeré báyìí."

Wọ́n dá fóònù padà fún mi. Wọ́n ní kí n gbé e lọ sí Òkukù, kí n fi han àbúrò àwọn.

Mo lọ. Bàbá Òkukù gbà mí dáadáa. Wọ́n ní kí wọ́n bu omi fún mi, wọ́n béèrè ìyá mi, wọ́n béèrè ọkọ tí n kò tíì ní. Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ bí mo ṣe ṣe é fún Bàbá. Mo fi àwòrán hàn wọ́n. Mo sọ fún wọn pé nígbà mìíràn àrùn náà máa ń tẹ̀lé ẹ̀jẹ̀ ìdílé. Wọ́n béèrè pé nínú ìdílé tiwa, ta ló gbọ̀n rí yàtọ̀ sí ẹni tó gbé Bíbélì. Mo ní n kò mọ ẹnì kankan.

Wọ́n wá wò mí lójú. "Àbẹ̀kẹ́, ìwọ tí o kàwé. Ṣé o lè búra fún mi pé ìbúra yẹn kọ́ ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lára wọn?"

Ó yẹ kí n sọ pé mo lè búra. Ọ̀rọ̀ kan ni, ì bá sì ti tán. Ṣùgbọ́n ohun tí a mọ̀ ni bí nǹkan ṣe ń ṣù, àti bí sẹ́ẹ̀lì ṣe ń kú. Ohun tó kọ́kọ́ tari rẹ̀ nínú orí bàbá àgbà mi, n kò mọ̀ ọ́n. Mo sọ fún wọn pé èmi kò gbà pé Ọlọ́run ń fi àrùn san ìbúra fún èèyàn, pàápàá ìbúra tòótọ́. Mo ní ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní kí n fi iṣẹ́ mi búra lórí ohun tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, n kò lè ṣe é. Bàbá Òkukù mi orí. Wọ́n ní ó ti parí nìyẹn, kí n kí wọn nílé.

Mo wọ mọ́tò padà sí Ìnísà pẹ̀lú ọkàn tó wúwo. Bàbá ń dúró dè mí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo sọ ohun tí àbúrò wọn bi mí àti ohun tí mo fi dáhùn fún wọn, n kò yọ nǹkan kan kúrò. Ojú wọn kò lè sọ ohunkóhun fún mi, nítorí náà mo ń wo èjìká. Èjìká kò mì. Wọ́n ní, "Bó bá jẹ́ èmi ni, ohun tí n bá sọ náà nìyẹn."

Wọn kò rán mi lọ mọ́. Ohùn wọn lọ tán, gbígbé oúnjẹ mì di ìjà, ikọ́ sì wọ inú àyà wọn. Ní àárọ̀ tí wọ́n kú, ọwọ́ ọ̀tún wọn dúró. Màmá ló kọ́kọ́ rí i, nítorí àwọn ni wọ́n di ọwọ́ náà mú. Nígbà tí mo dé, wọn kò tíì jọ̀wọ́ rẹ̀.

Bàbá Òkukù dé sí ìsìnkú lẹ́yìn tí ìwàásù ti parí. Ọ̀kadà ló gbé wọn wá. Wọ́n dúró sẹ́yìn ní ojú sàréè tí a gbẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, wọ́n kó ọwọ́ méjèèjì sínú agbádá. Nígbà tó kan pé kí ọmọ ìyá bu yẹ̀pẹ̀ sí sàréè, àlùfáà pe orúkọ wọn. Wọ́n mi orí. Àlùfáà tún pè é. Wọ́n yí ẹ̀yìn padà, wọ́n rìn kúrò. Gbogbo ẹbí kùn. Ìyá mi ní kí ẹnì kankan má tẹ̀lé wọn, kí wọ́n máa gbé ìjà wọn lọ.

Èmi tẹ̀lé wọn. Mo bá wọn ní ẹ̀yìn ilé, wọ́n fara ti táǹkì omi. Mo sọ fún wọn pé bí wọn kò bá tilẹ̀ dárí ji ẹ̀gbọ́n wọn, yẹ̀pẹ̀ ẹ̀kúnwọ́ kan kò pọ̀ jù fún ọmọ ìyá ẹni. "Ẹ" ni mò ń pè wọ́n, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀wọ̀ nínú rẹ̀.

Bàbá Òkukù kò bínú. Wọ́n fa ọwọ́ ọ̀tún yọ lábẹ́ agbádá. Àtàǹpàkò ń rìn lórí ìka kejì. N kò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ fún mi. Mo mọ ọwọ́ náà ju tèmi lọ, mo sì wo tèmi lẹ́yìn tí mo wò ó, nítorí ẹ̀jẹ̀ kan náà ni.

"Èmi ò gbé Bíbélì rí," ni wọ́n wí. "Kò sí ibi tí mo ti búra."

Mo bi wọ́n pé ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀. Wọn kò kọ́kọ́ fẹ́ sọ ọ́. Wọ́n wá ní ó ti ń ṣe wọ́n kí n tó wá sí Òkukù lọ́jọ́ náà. Wọ́n ní ìtìjú ni, pé bí àwọn bá sọ ọ́, ohun tí àwọn ti ń sọ nípa ẹ̀gbọ́n àwọn láti ọjọ́ yìí á padà sí àwọn lórí. Inú mi gbóná. Wọ́n béèrè bóyá oògùn wà. Mo ní ó wà, pé èmi fúnra mi á mú wọn lọ bá dókítà. Wọ́n béèrè ohun tí ó yẹ kí àwọn ṣe ní báyìí. Mo ní kí wọ́n wọlé, kí wọ́n jẹ́ kí àwọn ẹbí rí i.

Wọ́n wọlé. Màmá jókòó sórí ẹní láàrin àwọn ọmọ wọn, pẹ̀lú aṣọ dúdú lọ́rùn. Bàbá Òkukù dọ̀bálẹ̀ níwájú ìyàwó ẹ̀gbọ́n wọn. Lẹ́yìn náà wọ́n jókòó, wọ́n gbé ọwọ́ náà lé orí itan, wọ́n sì jẹ́ kí ó máa gbọ̀n lójú gbogbo wa. Ìyá mi fi ọwọ́ bo ẹnu. Ẹnì kan ní yéè. Bàbá Òkukù sọ ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀ fún wọn, wọn kò yọ nǹkan kan kúrò.

Màmá wo ọwọ́ náà pẹ́. Wọn kò gbé ohùn sókè. Wọ́n ní, "Gbogbo ìgbà tí mọ́tò bá dúró níta, ẹ̀gbọ́n yín máa ń ní kí n lọ wò bóyá ẹ̀yin ni."